Ẹ Wọn Ewu Kajú Ọ̀gáníìkì Kí Ẹ Tó Tọrùn Bọ̀ Ọ́

Bí ẹni tó ń ra kajú fún ọjà Yúróòpù bá dé abúlé kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè-Ògùn, Kàbbà tàbí Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ní kí àwọn àgbẹ̀ fi oògùn apakoríko àti apakòkòrò sílẹ̀ kí kajú wọn lè gba ìwé ẹ̀rí ọ̀gáníìkì (ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọn kò lo oògùn tàbí ajílẹ̀ kẹ́míkà), èsì tó sábà máa ń gbà ni "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Àwọn kan a pe ìyẹn ní ojo tàbí àìlajú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní hẹ́kítà méjì péré, tí owó ilé-ìwé ọmọ àti owó oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n ń ti ara igi wọ̀nyẹn jáde, ó yẹ kó wò ó ná. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀pọ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wò. Kòkòrò ló máa ń bà wọ́n lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ìro oko, gbèsè alárobọ̀ àti orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ló ń dá àgbẹ̀ padà lójú ọ̀nà.

Ẹni tó ti ní igi kajú lórí ilẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun yí padà tàbí kí òun má yí, la kọ èyí fún. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ wá ọmọ ayò mẹ́wàá, kí ẹ sì pe gbogbo ẹni tó ń jẹ nínú oko náà jókòó. Ẹ má fi ìyàwó ilé sílẹ̀: lọ́pọ̀ ilé, àwọn obìnrin ló ń ṣa kajú, àwọn ló sì mọ iye tí oúnjẹ ń ná ilé.

Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ yín

Òfin ọ̀gáníìkì Yúróòpù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, nọ́ńbà 2018/848, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Igi tó ń so lọ́dọọdún bíi kajú gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, lábẹ́ ìlànà ọ̀gáníìkì kí ìkórè rẹ̀ tó lè jẹ́ orúkọ náà. Ti Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ púpọ̀: ọdún 3 gbọ́dọ̀ kọjá láìsí ohun èèwọ̀ kankan lórí ilẹ̀ kí ẹ tó kórè. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, iṣẹ́ ọ̀gáníìkì lẹ ó máa ṣe, owó kajú lásán lẹ ó máa gbà. Ewu tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ibẹ̀ yẹn lọ.

Òfin Yúróòpù fi àyè kan sílẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ti lo ọdún 3 láìrí oògùn kankan, ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lè ka àkókò tó ti kọjá mọ́ ọn, bí ẹ bá ní ẹ̀rí tó dúró. Ọ̀pọ̀ oko kajú àtijọ́ ló wà báyìí tí ẹnikẹ́ni kò fọ́n nǹkan kan sí. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fọ́n oògùn kẹ́yìn sílẹ̀, orúkọ oògùn náà, àti apá ibi tí ẹ fọ́n ọn sí. Ìwé kékeré yìí lè gba ọdún kan tàbí méjì là fún yín.

Àgbẹ̀ tó ní ìrírí máa ń fẹ́ fi éékà kan dán nǹkan wò kó tó fi gbogbo oko sí i. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, àmọ́ òfin fi ìdíwọ̀n sí i. Kò gbà kí oko kan ṣoṣo máa so kajú ọ̀gáníìkì àti kajú olóògùn pọ̀ bí ojú kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Fún igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀, wọ́n lè gbà á bí ẹ bá kọ ètò ìyípadà sílẹ̀, tí ìyípadà apá tó kẹ́yìn nínú oko yóò tètè bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì parí láàárín ọdún 5, ó pẹ́ tán, tí ẹ sì ń ya ìkórè ìhà méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ lè dán an wò, ṣùgbọ́n ìdánwò náà ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà dá ìwé ẹ̀rí gbà nítorí owó rẹ̀. Òfin gba ẹgbẹ́ tí kò ju ọmọ ẹgbẹ́ 2,000 lọ, tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ó sì ní àwọn olùbẹ̀wò tirẹ̀ tó ń wọ oko ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju hẹ́kítà 5 lọ lè wọlé. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti wà ládùúgbò yín tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì mọ́, ìdajì iṣẹ́ ti ṣe.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò: àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà tí ẹ gbìn sáàárín igi wà lábẹ́ òfin kan náà. Ajílẹ̀ kẹ́míkà NPK tí ẹ bù sí ìdí àgbàdo ti ba kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Irúgbìn tí wọ́n ti pa láró pẹ̀lú oògùn kò sì yẹ níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ pàápàá ní ẹjọ́ tirẹ̀: èyí tó bá ti ilé ọ̀sìn adìẹ ńlá wá, níbi tí wọ́n ti há adìẹ mọ́ inú àgò, Yúróòpù kò gbà á. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti màlúù tó ń jẹ̀ káàkiri kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ayò mẹ́wàá

Ẹ fa ilà mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ pè wọ́n ní ọdún rere, ọdún àárín àti ọdún burúkú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé mú ọmọ ayò mẹ́wàá, kó rántí bí kajú ti ṣe láti bí ọdún mẹ́wàá, kó sì pín wọn sí ojú ilà wọ̀nyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan wo ti ẹnì kejì. Bí baálé bá fi méjì sí ọdún burúkú, tí ìyàwó fi mẹ́rin síbẹ̀, ẹ béèrè ohun tó rí tí baálé kò rí. Ó lè jẹ́ pé baálé ń rántí iye àpò tí igi so, tí ìyàwó ń rántí iye tí alárobọ̀ san.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún pín ọmọ ayò ọdún burúkú nìkan gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á: iná, òjò tó rọ̀ lásìkò òdòdó, kòkòrò, olè, màlúù, ọjà tó já wálẹ̀. Ibi tí ojú ti ń là nìyí. Iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í béèrè bóyá kajú jẹ́ ọ̀gáníìkì. Òjò tó rọ̀ nígbà tí igi ń tanná, tó mú àrùn tó ń sọ òdòdó di dúdú wá, kò mọ ìyàtọ̀ náà. Ọjà lè já bó ṣe já ní 2018 àti nígbà àrùn Kòrónà ní 2020. Gbogbo ìwọ̀nyí ti wà lórí yín tẹ́lẹ̀. Ewu tí ọ̀gáníìkì ń mú wá ní tuntun kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: owó ìro, ọdún mẹ́ta láìsí àfikún owó (iye tí olùrà ń fi lé owó kajú lásán nítorí ìwé ẹ̀rí), kí wọ́n bá oògùn lára kajú, kí ẹni tó ṣèlérí láti rà má rà mọ́. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni kí ẹ wọ̀n nínú ìpinnu yìí.

Iye tí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó lójú yín

Ẹ̀rù kò bani bákan náà, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí tiyín ṣe pọ̀ tó, nítorí òun ni yóò sọ irú àdéhùn tó yẹ yín. Àwọn tó ń ṣèwádìí máa ń lo eré tó jẹ mọ́ owó láti wọn èyí. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn kò ní fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ tẹ́tẹ́, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjà béèrè.

Alárobọ̀ kan dé. Ó ní òun yóò san ₦900 lórí kílò kan lónìí. Èkejì ní kí ẹ gbé kajú wá lóṣù tó ń bọ̀: bí ọjà bá gbé e, ₦1,300, bí kò bá gbé e, ₦600, méjèèjì ló sì ṣeé ṣe bákan náà. Ta lẹ ó tà á fún? Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, ẹ dín owó rẹ̀ kù sí ₦850, ₦800, ₦750, títí ẹ ó fi sọ pé "Rárá, ó sàn kí n dúró." Àárín ₦1,300 àti ₦600 jẹ́ ₦950. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó dé ₦750 lẹ tó kọ̀, a jẹ́ pé ẹ ṣetán láti fi nǹkan bí ₦200 lórí kílò ra ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹni tí iye yìí bá pọ̀ fún, kó má ṣe sá fún ọ̀gáníìkì lójú ẹsẹ̀. Kó sá fún àdéhùn tí àfikún owó rẹ̀ tóbi ṣùgbọ́n tí kò dájú. Ohun tó yẹ kó bá olùrà dúnàádúrà lé lórí ni iye tí owó kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù, kódà bí àfikún yóò bá kéré. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà púpọ̀ lè gba òdìkejì rẹ̀. Lójú tiwa, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí gbogbo abúlé buwọ́ lu àdéhùn kan náà nítorí pé ẹni tó láyà jù ló bá olùrà sọ̀rọ̀.

Ìṣirò

Iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni; ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ fi ti àdúgbò yín sí i. Oko náà jẹ́ hẹ́kítà 2. Ní ọdún àárín ó ń so kílò 800, olùrà ń san ₦1,000: ₦800,000. Ní ọdún burúkú ó so kílò 350, ọjà sì já sí ₦600: ₦210,000.

Oògùn apakoríko pẹ̀lú owó ẹni tó fọ́n ọn jẹ́ ₦60,000 lọ́dún. Bí ẹ bá fi ọkọ́ àti àdá ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ₦45,000 lórí hẹ́kítà kan nígbà kan, ₦180,000 ni. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, ₦360,000 fún ọdún mẹ́ta ìyípadà. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá dé, ká ní olùrà fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó: ní ọdún àárín, ₦120,000 ni. Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo àfikún náà ti bá owó ìro lọ, ₦360,000 ti àkọ́kọ́ kò sì ní padà wálé láé. Àgbẹ̀ tó ro báyìí tó sì kọ̀, ó ṣèṣirò tó péye.

Ọdún burúkú ló tún le jù. Ẹni tó ń lo oògùn yóò kù sí ₦150,000. Ẹni tó ń ro gbogbo oko lábẹ́ ìyípadà yóò kù sí ₦30,000. Níbí ni ẹ ó ti béèrè ìbéèrè tó ju gbogbo ìyókù lọ: èló ni owó kajú kò gbọ́dọ̀ dín sí lọ́dún kan, tí ilé kò fi ní tọwọ́ bọ gbèsè? Ẹ ka owó ilé-ìwé, oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n àti ìṣákọ́lẹ̀ pọ̀, kí ẹ yọ ohun tí ẹ̀gẹ́, ẹran ọ̀sìn àti òwò ìyàwó ilé ń mú wá kúrò. Ká ní ohun tó kù jẹ́ ₦120,000. A jẹ́ pé ìro gbogbo oko ń fi ₦90,000 sílẹ̀ láìdí ní ọdún burúkú kan. Bí méjì bá tẹ̀ léra, ₦180,000 ni ẹ gbọ́dọ̀ ti tọ́jú sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní i, kó má bẹ̀rẹ̀ lọ́nà yẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí igi bá wà ní mítà 10 sí ara wọn, hẹ́kítà kan gba igi 100. Ẹ ro ìdí igi nìkan, mítà 2 yípo láti ìdí dé etí: igi kan gba nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 12.6, igi 100 gba 1,260. Ìdá kan nínú mẹ́jọ hẹ́kítà péré nìyẹn. Ìyókù ẹ ó fi àdá bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ká ní ìro ìdí igi ná ₦10,000 lórí hẹ́kítà, lẹ́ẹ̀mejì, àti bíbẹ́ ₦30,000 lórí hẹ́kítà: ₦100,000 ni gbogbo rẹ̀ fún hẹ́kítà 2. Ìyàtọ̀ sí oògùn jẹ́ ₦40,000 lọ́dún, ₦120,000 fún ọdún mẹ́ta. Ọdún burúkú yóò fi ₦110,000 sílẹ̀, tó dín ní ₦10,000 péré sí ohun tí ilé nílò. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá dé, ọdún àárín kọ̀ọ̀kan yóò lé ní ₦80,000, ìkórè méjì yóò sì dá owó ìyípadà padà. Oko kan náà, olùrà kan náà. Ọ̀nà ìro ló yí ìdáhùn padà. Bí ẹ bá ṣì ń ṣe àáró ládùúgbò yín, owó tó ń jáde yóò tún dín kù sí i.

Owó ìwé ẹ̀rí kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ béèrè iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, àti ẹni tí yóò san án ní ọdún mẹ́ta tí kajú kò tíì gba orúkọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "a ó máa wò ó bó bá ṣe ń lọ," ẹ kọ iye náà sí ọrùn ara yín.

Iṣẹ́ inú oko, àti ibi tó ti ń dáni padà

Ẹ ro ìdí igi ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, kí ẹ tún un ro ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá kí koríko tó gbẹ. Koríko tí ẹ ro lè dùbúlẹ̀ yí igi ká nígbà òjò, àmọ́ kó jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 kí ikán má baà rí ọ̀nà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, ẹ kó o kúrò: koríko gbígbẹ lábẹ́ igi lásìkò iná igbó, ikú igi ni. Kí oṣù kejìlá tó wọlé, ẹ ro etí oko yípo, ó kéré tán mítà 6, kí ilẹ̀ pupa hàn. Iṣẹ́ yìí ló ń gba owó là jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà níbí, ó sì kan ẹni tó ń lo oògùn náà.

Oko tó ti lé ní ọdún mẹ́fà tàbí méje, tí ewé rẹ̀ ti ń bo ilẹ̀, koríko kì í yọ níbẹ̀ púpọ̀. Òun ló rọrùn jù láti yí padà. Oko tí igi rẹ̀ ṣì kéré ni ìro ń jẹ run. Níbẹ̀, ẹ gbin ẹ̀gúsí, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, kí oúnjẹ náà san owó ìro.

Ọ̀pọ̀ oko ni wọ́n gbin igi wọn pọ̀ jù. Mítà 5 sí 5 jẹ́ igi 400 lórí hẹ́kítà, orí wọn a sì máa wọnú ara wọn. Orí ẹ̀ka tí oòrùn ń bà ni kajú ń so sí, nítorí náà inú oko bẹ́ẹ̀ a ṣókùnkùn, etí rẹ̀ nìkan a máa so. Ẹ gé ìdajì kúrò ní ọdún kan, kí igi kù ní 200. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tún gé ìdajì, kó kù ní 100. Ẹ sàmì sí èyí tó ń so dáadáa nígbà ìkórè kí ẹ má baà gé e. Bí ẹ kò bá ṣe ọ̀gáníìkì láéláé, ẹ ṣe èyí.

Ní ti kòkòrò, ẹ̀rù rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, àyàfi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta. Kòkòrò oníwo gígùn kan wà tó ń gé ẹ̀ka yípo bí ayùn, tí ẹ̀ka náà a sì wó lulẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní. Inú ẹ̀ka tó wó yẹn ni ẹyin àti ọmọ rẹ̀ wà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi: ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sun ún ní ojú ilẹ̀ gbangba tí iná kò ti lè ràn. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣa tirẹ̀, ti aládùúgbò yóò fò wá. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó bá jọ ṣe é ló ń rí àǹfààní rẹ̀. Èyí tó ń lu ihò sínú igi, ẹ fi wáyà tín-ín-rín gún un nínú ihò, kí ẹ fi amọ̀ dí i. Èyí tó ń fa omi lára ọ̀mùnú àti òdòdó, tí wọ́n fi ń gbẹ bí ohun tí iná jó, èèrà pupa tó máa ń fi ewé hun ilé sórí igi ló ń lé e. Wọ́n ti dán èèrà yìí wò lórí kajú ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tàǹsáníà, ó sì dín òfò kù. Ẹ má ba ilé wọn jẹ́. Lásìkò ìṣa, ẹ kó eérú sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó má baà jẹ yín púpọ̀.

Ohun tó ń mú kí wọ́n dá kajú padà sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òde oko yín tàbí nínú yàrá yín. Aládùúgbò fọ́n oògùn, afẹ́fẹ́ gbé e wọlé: ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú ìgbà òjò, kí ẹ fi ìlà igi tó wà ní etí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ ta kajú ìlà náà bíi ti lásán. Alágbàṣe tí ẹ pè láti ro oko gbé táńkì oògùn wá nígbà tí ẹ kò sí nílé, nítorí pé ó yá ju ọkọ́ lọ: ẹ sọ fún un ṣáájú, ẹ má san owó tán kí ẹ tó wo oko. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ẹ̀wà wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú kajú: èyí burú jù, nítorí kò sí ẹni tó ń rántí rẹ̀. Kajú ọ̀gáníìkì gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ àpò tí ajílẹ̀ tàbí ẹ̀wà olóògùn ti wà rí. Ẹ lo àpò ìdọ̀họ bíi ti kòkó, ẹ má lo àpò ọ̀rá, kí ẹ tò ó sórí pákó.

Ẹ mọ bí kajú yín ti dára tó kí olùrà tó sọ fún yín

Ẹ ṣa èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ nìkan, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra. Èyí tí ẹ fà já kò tíì gbó. Ẹ sá a fún ọjọ́ 2 sí 3 títí èékánná kò fi ní lè tẹ ara rẹ̀ wọlé, tó sì ń dún nínú èèpo.

Kí ẹgbẹ́ ra òṣùwọ̀n kékeré kan àti ọ̀bẹ ìlakajú. Ẹ mú kílò 1 láti inú àpò oríṣiríṣi, ẹ ka iye kóró rẹ̀: bó bá wà ní nǹkan bí 200 tàbí tó dín, kóró náà tóbi. Ẹ la gbogbo rẹ̀. Ẹ wọn inú rẹ̀ tó dára. Ẹ wọn èyí tó lábàwọ́n díẹ̀ tàbí tó rún lọ́tọ̀, kí ẹ ka ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó jẹrà, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi 0.176 sọ iye gíráàmù tó jáde di púpọ̀ (×). Bó bá jẹ́ gíráàmù 272, ìdáhùn jẹ́ 48. Òun ni iye pọ́ùn inú kajú tó dára tó wà nínú àpò kílò 80, nọ́ńbà tí àwọn olùrà fi ń díye lé e, 48 sì dára. Ẹgbẹ́ tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ kò ní gbà kí wọ́n pe 48 ní 44 ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àfikún owó ọ̀gáníìkì ti ń ṣófò.

Ìwé àdéhùn

Ẹ béèrè orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ orúkọ olùrà, kajú yín jẹ́ ọ̀gáníìkì lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tí kò bá rà á, ó ti di kajú lásán, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sì ti lọ. Ẹ jà kí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú, kó kọ àdéhùn pẹ̀lú onílẹ̀ tàbí olórí ẹbí fún ọdún tó ju mẹ́ta lọ dáadáa, kí wọ́n má baà gba oko lọ́dún tí owó fẹ́ wọlé.

Àfikún owó tó dá lórí ìdá ọgọ́rùn-ún máa ń súnkì nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ní ọdún burúkú ti òkè yẹn, ìdá 15 mú ₦31,500 wá. Bó bá jẹ́ ₦150 lórí kílò láìyẹ̀, ₦52,500 ni. Ẹ béèrè iye tó dúró sójú kan. Kí ìwé náà tún sọ ọjọ́ tí owó yóò dé, ẹni tí yóò sanwó àyẹ̀wò bí wọ́n bá ní àwọn rí oògùn, àti ẹ̀tọ́ yín láti tà fún ẹlòmíràn bí olùrà kò bá wá kí ọjọ́ kan tí ẹ dárúkọ tó pé. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ rántí pé ìjọba fòfin de gbígbé kajú tí a kò tíì là jáde láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń là á nínú orílẹ̀-èdè ni kí ẹ wá.

Ẹni tó ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ alárobọ̀, tó sì ti fi kajú ọdún tó ń bọ̀ dúró fún un, kò tíì ní kajú tí yóò tà ní ọ̀gáníìkì. Kó san gbèsè náà tán ná, bó tilẹ̀ gba ìkórè kan. Èsúsú tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ó bo oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá, nígbà tí ọwọ́ ń gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pinnu

Ẹ pinnu láàárín ìparí ìkórè àti ìro àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ ṣì mọ ohun tó wọlé gan-an. Ẹ wọ inú rẹ̀ bí nǹkan mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ yín: ọdún burúkú pẹ̀lú owó ìro ọ̀gáníìkì kò ní sọ ilé kalẹ̀ ju iye tí ẹ ti tọ́jú, igi náà ti dàgbà tó láti bo ilẹ̀ tàbí ẹ ní ọwọ́ tí yóò ro ìdí rẹ̀, àdéhùn kíkọ sì ti wà. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ má fò ó. Ẹ gé igi tó pọ̀ jù lọ́dún yìí, ẹ ro ìdí igi dípò kí ẹ fọ́n oògùn ní apá kan, ẹ kọ ọjọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì buwọ́ lù ú. Àkọsílẹ̀ yẹn ni olùbẹ̀wò yóò kọ́kọ́ béèrè ní ọdún tí ẹ bá ṣetán.